Ilẹ̀ Tó Wà Láàárín Oko Méjì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Fẹ́yìsetán àti àbúrò rẹ̀, Ládépọ̀, kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í rí ara wọn. Ìlú Ìṣẹ́, ní Èkìtì, kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà oko kan náà ni wọ́n ń gbà, ìyá kan náà ló sì bí wọn. Bí Fẹ́yìsetán bá ń bọ̀ láti oko, tí Ládépọ̀ sì ń lọ, ọ̀kan á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wòye òjò, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ojú àwọn ará ìlú ti mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n sí ìkómọ á ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì gbé àga wọn jìnnà síra.

Ilẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Kí bàbá wọn tó kú, ó pín oko kòkó rẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Emùrè sí méjì. Apá tó kọjú sí ọ̀nà jẹ́ ti Fẹ́yìsetán, èyí tó lọ sí ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Ládépọ̀, pèrègún ni bàbá sì gbìn ṣe ààlà. Èkó ni Ládépọ̀ wà nígbà náà. Èbúté Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òkun, ọdún méjìlélógún ló sì lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a mójú tó oko. Ní ọdún kan, nínú ọyẹ́, iná ọdẹ ran igbó, ó sì jó pèrègún náà dé gbòǹgbò. Nígbà tí Ládépọ̀ kó ẹrù rẹ̀ délé pẹ̀lú Hannah ìyàwó rẹ̀, tí ó lọ wo oko, ó ní ààlà ti sún wọ inú tòun. Fẹ́yìsetán ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n Ládépọ̀ dìde nínú ìpàdé ẹbí, lójú àwọn ìyàwó ilé àtàwọn ọmọdé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti jẹ ilẹ̀ òun nígbà tí òun kò sí nílé. Fẹ́yìsetán wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó dìde, ó jáde, ó di gbére.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le dáadáa lè ju òkúta kọjá ìbú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi àdá kàn án mọ́ nínú àwọn méjèèjì. Fẹ́yìsetán kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olè, Ládépọ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n ní òun fi agbára gbà á lọ́wọ́ obìnrin. Igbó bò ó.

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ tuntun dé sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó lókè òkun ní àwọn kò ní gba èyí tó bá ti inú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa igbó ṣe wá mọ́. Gbogbo àpò kòkó gbọ́dọ̀ ní oko tí ó ti jáde, gbogbo oko sì gbọ́dọ̀ wà lórí máàpù, kí ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ nílùú òyìnbó lè tẹ ẹ̀rọ, kí ó rí ibi tí kòkó náà ti hù. Ariwo sọ nínú ìpàdé lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Àwọn kan ní ilẹ̀ àwọn ni òyìnbó fẹ́ gbà. Bàbá àgbà kan ní bí ẹni náà bá ti lè rí oko òun láti ọ̀hún, kí ó jọ̀wọ́ bá òun wo ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọn yóò gbé kòkó lọ tí yóò pé wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùmí ni wọ́n gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìgbàrà-Odò ni. Ó ti ṣiṣẹ́ báńkì ní Èkó fún ọdún mẹ́fà kí ó tó ní ó sú òun, tí ó sì padà wálé. Ọ̀kadà rẹ̀ ló máa ń gùn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Iṣẹ́ náà kò le: olóko á rìn yí ààlà oko rẹ̀ ká, Ọmọ́wùmí á máa tẹ̀lé e pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, fóònù á sì máa ya ọ̀nà tí wọ́n gbà. Nítorí pé kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ́, kò mọ̀ pé ìjà wà. Nígbà tí Fẹ́yìsetán rìn yí oko tirẹ̀ ká, ó gba ẹ̀yìn igbó náà kọjá, ó fi í kún tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ládépọ̀ náà gba iwájú igbó kan náà kọjá, ó fi í kún tirẹ̀. Ọmọ́wùmí kí olúkúlùkù kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejìlá, Fẹ́yìsetán gbé àpò mẹ́rìnlá dé ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ náà. Kòkó rẹ̀ gbẹ débi pé bí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí o sì mì í, á máa dún ṣakaṣaka. Bámidélé, akọ̀wé ẹgbẹ́, fọwọ́ pa á, ó fi imú gbọ́ ọ, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n tò ó mọ́ ti àwọn yòókù, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mẹ́sàn-án tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Fẹ́yìsetán wo àmì tó wà lára àpò mẹ́sàn-án náà. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ọmọ́wùmí gbé fóònù sún mọ́ ọn. Oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n ń tàn bí ewé tútù, àfi ojú kan tó pọ́n láàárín wọn.

“Màmá, oko yín àti oko Bàbá Praise, àbúrò yín, gun orí ara wọn níbí yìí,” ó sọ fún un. “Bí a kò bá tún un rìn, ẹ̀rọ kò ní gba kòkó ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ rìn ín, ẹ ó sì jọ fọwọ́ sí i.”

Bámidélé wúkọ́, ó sì ń ka igi àjà. Ó ku díẹ̀ kí ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé ohun tó ń béèrè yìí kì í ṣe kékeré. Fẹ́yìsetán ní kí wọ́n gbé kòkó òun padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Bámidélé ti ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo àwọn àgbẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta wà, àwọn tó ń bọ̀ wá kó ẹrù ní àwọn kò ní gbà á láìpé. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ń bọ̀. Bí ojú pupa yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, òfìfo ni ọkọ̀ yóò padà, kòkó gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì wà nílẹ̀ títí ọdún tuntun.

Fẹ́yìsetán fẹsẹ̀ rìn délé. Lójú ọ̀nà, ènìyàn mẹ́ta ló kí i pẹ̀lú ohùn tó tutù ju bó ti yẹ lọ, ó sì mọ̀ pé ìròyìn ti ṣáájú òun dé.

Ní ọjọ́ kejì, ó ń ro kòkó ìkẹyìn tó sá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pọ̀ nígbà tí Hannah, ìyàwó Ládépọ̀, wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yìí ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ìjà àwọn ọmọ ìyá kò dé ọ̀dọ̀ Hannah. Láti ọdún mọ́kànlá yìí, bí ó bá se ẹ̀wà tó dára, á bu ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́, bí Fẹ́yìsetán bá sì wa uṣu tuntun, bí ará Ìṣẹ́ ti ń pe iṣu, uṣu mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde á gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé ìdáná Hannah. Ládépọ̀ ń jẹ uṣu náà. Kò béèrè ibi tó ti wá rí.

Hannah bọ́ bàtà, ó bá a ro kòkó náà pọ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ òun kò sùn dáadáa láti àná. Ó ní ó ti ṣe tán láti rìn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n òun kò ní dáhùn, ìtìjú yóò wá di méjì.

“Ìyàwó mi,” Fẹ́yìsetán dá a lóhùn, “sọ fún un pé aago méje ni mo máa ń dé oko. Bí ó bá dé aago mẹ́jọ, mo ti lọ.”

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni Ládépọ̀ ti wà ní oko. Ó wọ aṣọ mímọ́, èyí tí kò bá oko mu rárá. Ọmọ́wùmí, tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí, dé, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn. Wọn kò kí ara wọn.

Bí ìrìn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: Fẹ́yìsetán wà níwájú, Ládépọ̀ wà lẹ́yìn, Ọmọ́wùmí wà láàárín. Fẹ́yìsetán á ní kí Ọmọ́wùmí sọ fún ọkùnrin yẹn pé igi obì yìí, òun ló gbìn ín. Ládépọ̀ á ní kí Ọmọ́wùmí bá òun sọ fún màmá yẹn pé òun kò bá a du igi obì. Ọmọ́wùmí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó dúró, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ gbé fún òun kò lè gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú.

Nígbà tí wọ́n dé igbó náà, kò sí ọ̀nà. Ládépọ̀ bọ́ síwájú pẹ̀lú àdá, aṣọ mímọ́ náà kò sì pẹ́ tó fi dọ̀tí. Lẹ́yìn tó ti la bí ìṣísẹ̀ ogún, atẹ́gùn yí padà. Níta, ọyẹ́ ti mú kí ewé kòkó ká kò bí ìwé. Nínú igbó yìí, ó tutù. Igi arère ti ga ju ilé alájà méjì lọ, afàrà ti yọ orí, ẹyẹ ń ké lókè. Fẹ́yìsetán gbọ́ nǹkan, ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè kí àwọn yòókù má mira. Omi ni. Odò kékeré tí bàbá wọn máa ń bù mu, tó ti gbẹ pátápátá ní apá tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ń ṣàn níhìn-ín láàárín ewé, nínú oṣù Kejìlá.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ru omi láti ilé wá bu sí kòkó wẹ́wẹ́,” ó sọ. Kò dojú kọ ẹnikẹ́ni. “Omi sì wà níbí.”

Ọmọ́wùmí fi àwòrán tí wọ́n ti òkè yà hàn wọ́n nínú fóònù. Gbogbo àyíká ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, bí àwọn ènìyàn ṣe ń gé igi ńlá. Ibi kan ṣoṣo tó ń dúdú sí i ni ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò fọwọ́ kàn. Ó ní igi wọ̀nyí ló bo odò náà mọ́ra.

Wọ́n jókòó sórí igi tó ṣubú kan láti mí. Àwọn igi kòkó mélòó kan tí bàbá gbìn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti gbó, èèhù bò wọ́n, síbẹ̀ wọ́n so. Ládépọ̀ já ọ̀kan, ó là á pẹ̀lú àdá, ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ tó fi gbé e síbẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ọmọ́wùmí ló kọjú sí. Ó ní nígbà tí òun wà ní Àpápá, kòkó máa ń dé láti Oǹdó, láti Ọ̀ṣun, láti ibi gbogbo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á kàn máa gbé àpò ni. Òun á kọ́kọ́ wo àmì ara rẹ̀. Bí òun bá ti rí i pé Èkìtì ló ti wá, òun á gbé imú sún mọ́ ọn, òun á máa wá òórùn ẹ̀yìnkùlé tí Bàbá ń sá kòkó sí.

“Ǹjẹ́ o gbọ́ ọ?” Fẹ́yìsetán ló béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló bi í, tààrà.

Ládépọ̀ yíjú sí i. “Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Òórùn epo ọkọ̀ òkun ni mo máa ń gbọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo sì fi gbé imú síbẹ̀.”

Ọmọ́wùmí, tó gbọ́n, lọ wo odò.

Fẹ́yìsetán ní kì í ṣe ilẹ̀ ló dun òun. Ó ní bó bá jẹ́ pé Ládépọ̀ wá bá òun nínú ilé pé òun fẹ́ gbogbo oko náà, ó ṣeé ṣe kí òun gbé e fún un. Ohun tó ń dun òun ni pé lẹ́yìn tí òun ti ro oko rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bíi tòun, ó dúró lójú àwọn ọmọ tí òun pọ̀n, ó pe òun ní olè.

Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé tútù. Ó ní òun jẹ̀bi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ń korò lẹ́nu òun láti ọjọ́ tí òun ti sọ ọ́, ọ̀nà àtigbé e mì ni òun kò mọ̀.

“Ó tó,” Fẹ́yìsetán sọ. “Dìde jàre, ulẹ̀ tutù.” Ulẹ̀ ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé nígbà èwe wọn, kì í ṣe ilẹ̀ tí ó máa ń pè bó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Ládépọ̀ kò lè dìde. Orúnkún rẹ̀, tó ti fi gbé àpò fún ọdún méjìlélógún, ti há. Ó gbìyànjú lápá ọ̀tún, ó gbìyànjú lápá òsì. Fẹ́yìsetán dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà yọ̀, ó sì jókòó pẹ̀tẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìgbà tí Ọmọ́wùmí máa fi sáré dé, àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Wọ́n wá pèrègún títí, wọn kò rí ẹyọ kan. Fẹ́yìsetán ló ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá a mọ́. Kí Ọmọ́wùmí fi oko òun mọ síhìn-ín, kí ó fi ti Ládépọ̀ mọ sí ọ̀hún, kí igbó náà dá wà láàárín. Ọmọ́wùmí ní àwọn olùrà pàápàá ń fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ṣùgbọ́n orúkọ ta ni òun yóò kọ sí i? Àwọn méjèèjì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ti Bàbá ni. Bí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ojú pupa inú fóònù náà di àwọ̀ ewé.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ju àpò sínú rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ládépọ̀ wò wọ́n díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó fi ọ̀pá júwe fún wọn bí wọn yóò ṣe to ìsàlẹ̀ ní ìbú, kí wọ́n to èyí tó gùn ún ní òró, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kí kòkó má bàa làágùn kí ó sì bu lójú ọ̀nà. Ó ní òun ti rí odidi ọkọ̀ kòkó tí wọ́n dá padà létí òkun nítorí ìtòkutò, kòkó tí ẹnì kan ti fi gbogbo ọdún ṣe. Wọ́n tú ẹrù náà sílẹ̀, wọ́n tún un tò. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ní òun kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo Èkìtì.

Fẹ́yìsetán dúró lábẹ́ òrùlé ilé ìkẹ́rù. Kò tíì rí ibi iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ rí. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé Èkó ló wà. Obìnrin kan bi í pé ta ni bàbá tó mọ iṣẹ́ yìí.

“Àbúrò mi ni,” ó dáhùn. Ó tún un sọ fún ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ béèrè.

Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti jẹun ọ̀sán, iyán tí Hannah gún. Fẹ́yìsetán bi Ládépọ̀ pé níbo gan-an ni kòkó náà ń lọ. Ládépọ̀ ní á dé Èkó lọ́la, á wà ní èbúté títí ọkọ̀ á fi kún, á wà lórí òkun bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ìlú òyìnbó, ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó bi í bóyá wọ́n á mọ̀ níbẹ̀ pé tòun ni. Ládépọ̀ ní wọ́n á rí oko rẹ̀ kedere lórí ẹ̀rọ.

“Kí wọ́n má wo apá òkè o,” Fẹ́yìsetán sọ. “Mi ò tíì ro ibẹ̀.” Hannah fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òkèlè mì sí ọ̀nà òdì.

Nígbà tí ọdún yípo, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kó ọ̀rá tí wọ́n bu erùpẹ̀ sí lọ sí etí odò inú igbó náà, wọ́n gbin èso kòkó sí i lábẹ́ ibòji arère. Omi wà nítòsí, oòrùn kò sì lè jó o. Bámidélé wá wò ó, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún igba kòkó wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ tẹ̀lé e, àwọn tí ọyẹ́ ti pa kòkó wẹ́wẹ́ wọn ní ọdún méjì léra. Wọ́n sọ pé àwọn náà yóò fi igi ńlá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko tiwọn, wọ́n sì ti ń bi Ọmọ́wùmí èyí tó tètè máa ń dàgbà.

Àárọ̀ kan ni èso kòkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Fẹ́yìsetán ló kọ́kọ́ rí i, ó pe Ládépọ̀. Ládépọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí orúnkún rẹ̀, ó ní èyí tí òun gbìn ló kọ́kọ́ hù yìí. Fẹ́yìsetán ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìlà tòun ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi ga, wọ́n sì ń bu omi sí i bí wọ́n ti ń fà á.